Síídì Gbádéyan àti Etí Àbúrò Mi

Láti kékeré ni Jeremiah ti ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Èmi ni ìyá wa bí tẹ̀ lé ìbejì, ìdí nìyẹn tí àwa Ègùn fi ń pè mí ní Dosi. Òun ni ó sì tẹ̀ lé mi. Bí a bá jókòó sétí ọ̀sà ní Ajara, tí à ń dúró de bàbá wa kí wọ́n ti ibi ẹja dé, Jeremiah á ti sọ pé, "Bàbá ń bọ̀," nígbà tí ọkọ̀ kankan kò tíì yọ. Mo bi í nígbà kan bí ó ṣe ń mọ̀. Ó ní àjẹ̀ bàbá wa máa ń kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, ti àwọn yòókù kì í kàn án. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa, ó sọ fún ọ̀gá akọrin lọ́jọ́ kan pé ẹnì kan nínú àwọn tó ń kọ ténọ̀ ń ṣi orin kọ ní ìlà kẹta. Ọ̀gá akọrin bínú, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin náà kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè dójú ti ọmọ aláìgbọràn. Nígbà tó kan ẹnì kẹfà, gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ẹnì kẹfà náà ni.

Ohun tí mo fi ń sọ èyí ni pé irọ́ kọ́ ni òkìkí etí rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run ló fún un.

Nígbà tó dàgbà, ọkọ̀ ojú omi alẹ́ńjìnnì ló wà. Láti ẹsẹ̀ omi Badagry ló ti ń kó èrò sọdá sí àwọn abúlé tó wà lápá òkun, lọ bọ̀, lọ bọ̀, ọdún mọ́kànlá gbáko. Ìdí ọkọ̀ níbẹ̀ ni ẹni tó ń wà á máa ń jókòó, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí ó bá dé ilé, ó máa ń pariwo bá wa sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan kí ohùn rẹ̀ tó wálẹ̀. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rò pé ọ̀rọ̀ ẹkún ni.

Lọ́dún tí àwọn ológun tún gba ìjọba, ohun èlò ẹ́ńjìnnì kò wọlé mọ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ tú ẹ́ńjìnnì tà, Jeremiah sì padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ohun tó ní kò ju ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì méjì, àti àpótí àwo tó ti ń kó jọ láti ìgbà tó wà lápọ́n. Ó fi pákó kan ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ajara, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da orin sí kásẹ́ẹ̀tì fún àwọn èèyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù fa orin láti inú afẹ́fẹ́ lónìí, ó lè ṣòro fún yín láti mọ bí iṣẹ́ yìí ti ṣe pàtàkì tó. Nígbà tí Sáàpù dé, ètò ìjọba ológun tó sọ gbogbo ọjà òkèèrè di ọ̀wọ́n, àwo orin tuntun di ohun tí à ń fojú wò lásán. Ẹni tí ó bá fẹ́ orin, kásẹ́ẹ̀tì tó ṣófo ni yóò mú lọ fún Jeremiah. Jeremiah á fi aṣọ rírọ̀ nu àwo náà, á wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bóyá ó ti ń kú, á gbé íafóònù ńlá bo etí, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa yí bọ́tìnì. Bọ́tìnì kan wà fún báàsì, ohùn tó nípọn, ọ̀kan wà fún tírébù, ohùn tínrín. Ibi tí ẹ bá yí wọn dé ni orin náà yóò ṣe dún nínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá yí tírébù jù, yóò máa gún etí bí abẹ́rẹ́; bí ẹ kò bá yí i tó, á dà bí ẹni tó fi ìrọ̀rí bo olórin lẹ́nu.

Kásẹ́ẹ̀tì Jeremiah dùn. Láti Aradagun, láti Gbaji, àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, gbogbo wọn ló ń yà síbẹ̀. Sùlàímọ́nù, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, máa ń sọ pé bí òun bá ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì Jeremiah, òun lè ka iye èèyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin. Miriam, ìyàwó àbúrò mi, ló ń gba kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, òun ló ń kọ orúkọ orin sára wọn, òun ló sì ń dá wọn padà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ Áńgílíkà ni kó tó fẹ́ Jeremiah, tírébù ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ilé bàbá rẹ̀.

Bí ó ti rí nìyẹn títí di ọdún 1990, tí Gbádéyan fi dé.

Àdúgbò wa ni wọ́n bí Gbádéyan sí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ òkun ní Kútọnu. Ó wá sílé fún ìsinmi, ó sì gbé ẹ̀rọ kan bọ̀ tí ó fi tówẹ́ẹ̀lì dì bí ọmọ tuntun. Síídì ni. Nínú gbogbo àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó tíì rí i rí. Àwo rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ń dán bíi fàdákà, ẹ lè fi wo ojú. Gbádéyan ní kò sí abẹ́rẹ́ tó ń kàn án, ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń kà á, nítorí náà kì í gbó, kì í sì í há.

Jeremiah gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ṣé èyí ló ń kọrin?"

"Òun ni, bùrọ̀dá. Ẹ ó sì rí i pé kò sí kásẹ́ẹ̀tì tó lè dúró níwájú rẹ̀."

"Kásẹ́ẹ̀tì ta ni?"

"Kásẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ìjà. Jeremiah ní gbogbo ohun tí yòvó, àwọn òyìnbó, bá fi sínú páálí tó ń dán ni àwọn ọmọ wa máa ń rò pé ó dára. Gbádéyan ní kí àwọn dán an wò. Wọ́n fi í sí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, nítorí ọjọ́ ìgbálẹ̀ ni. Láyé ológun yẹn, láti aago méje sí mẹ́wàá, mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ rìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde sí ọ̀nà àyàfi ẹni tó ń gbálẹ̀ ojúlé rẹ̀. Jeremiah ní àkókò kan ṣoṣo nìyẹn tí etí èèyàn lè sinmi nílẹ̀ yìí.

Mo ti gbé òróró àgbọn wá láti Ajara ní ọjọ́ Jimọ̀, mo sì sùn sọ́dọ̀ wọn nítorí ìgbálẹ̀ náà. Bí mo ṣe bá wọn níbẹ̀ nìyẹn.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ la ti gbálẹ̀ tán. Sùlàímọ́nù gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí àwọn ṣọ́jà má baà rí i lójú títì. Nẹ́pà mú iná wá, a dúpẹ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, a jẹ́ márùn-ún nínú rẹ̀: Jeremiah, Miriam, Gbádéyan, Sùlàímọ́nù àti èmi. Gbádéyan so síídì àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ sípíkà kan náà, ó fi aṣọ ìró Miriam bo àwọn ẹ̀rọ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí èyí tó ń dún. Orin ẹgbẹ́ olórin kan ní Àjàṣẹ́ lódìkejì ẹnubodè ni wọ́n lò. Jeremiah ní àwo rẹ̀, ó ti dà á sí kásẹ́ẹ̀tì tó pọ̀. Wọ́n sì ti tẹ orin náà sí síídì ní Parí. A kò jẹ́ kó pariwo nítorí ọkọ̀ ṣọ́jà tó ń kọjá.

Sùlàímọ́nù ló kọ́kọ́ dojú kọ ògiri. Gbádéyan lu èkíní, ó lu èkejì.

"Èkejì ni síídì," ni Sùlàímọ́nù wí kí orin tó dé ìlà kejì. "Ohun kan wà nínú èkíní tó ń ṣe ṣíín bí ìgbà tí èèyàn ń yan ẹja. Èkejì kò ní in."

Ó kàn mí. N kì í ṣe olórin, ẹja àti òróró ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ń fi omi ẹlẹ́rẹ̀ wẹ̀ mí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, tí wọ́n wá bu omi kànga lé mi lórí. Mo gbọ́ ìka onígìtá bí ó ti ń yọ lórí okùn. Mo tilẹ̀ gbọ́ bí olórin ṣe fa èémí kó tó bẹ̀rẹ̀. Miriam náà mọ̀ ọ́n. Ó kàn sọ pé, "Èkíní ni lọ́tẹ̀ yìí," ó sì padà lọ jókòó, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Jeremiah rẹ́rìn-ín, ó dojú kọ ògiri, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Gbádéyan lu èkíní. Ó lu èkejì. Jeremiah yí etí sí sípíkà.

"Tún un lù."

Ó tún un lù.

"Gbádéyan, o kò ṣe dáadáa. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn lo lù lẹ́ẹ̀mejèèjì kí o lè fi mí ṣẹ̀sín."

"Rárá, bùrọ̀dá. Mo fi ìyá mi búra."

"Ọ̀kan náà ni wọ́n."

A wo ara wa. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣeré ni, tàbí pé ìgbéraga kò jẹ́ kó gbà. Bóyá ohun tí Gbádéyan náà rò nìyẹn, nítorí ó sọ pé, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n fi orin tí kò sí lórí àwo yín hàn yín, kí ẹ kàn gbádùn rẹ̀." Ó ká aṣọ ìró kúrò lórí ẹ̀rọ, ó yan orin mìíràn nínú síídì náà, ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí.

Orin náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù, ó gbóná, ó ń lọ. Nígbà tó dé àárín, gbogbo ìlù dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gìtá dákẹ́, ohùn dákẹ́. Irin kékeré kan ṣoṣo ni ó kù. Ẹnì kan ń lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ tínrín, ó lọ sókè gan-an, ó ń dún gooro bí ẹni pé ìràwọ̀ ló ń jábọ́ sínú àwo tánganran. Sùlàímọ́nù la ẹnu sílẹ̀.

Jeremiah dìde, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà.

"Ó ti parí," ó wí. "Báwo lẹ ṣe ń pa á?"

Irin náà ń dún. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, ó ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Irin náà ń dún.

"Ẹ ò gbọ́ ni? Mo ní báwo lẹ ṣe ń pa á?"

Lẹ́yìn náà ló wá rí ojú wa. N kò lè gbàgbé bí ó ṣe wò wá yíká, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó wọ yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúró lé Miriam.

"Ìyá Ayọ̀, kí ló dé?"

"Bàbá Ayọ̀," ni Miriam wí, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́, "irin kan ń dún."

"Irin wo?"

"Ó ń dún títí di ìsinsìnyí."

Ìlù padà wọlé nígbà náà, Jeremiah sì fà sẹ́yìn, nítorí lójú tirẹ̀, orin tó ti kú ló jí. Ó ní kí Gbádéyan dá a padà. Gbádéyan dá a padà. Jeremiah kúnlẹ̀, ó gbé etí lé aṣọ sípíkà gan-an, ó di ojú.

"Ṣé ó ń dún báyìí?"

"Ó ń dún," ni mo wí.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ń dún, Jeremiah."

Ó gbé etí ọ̀tún kúrò, ó gbé tòsì lé e. Gbádéyan ń ká tówẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ náà ò mọ̀ pé ohun tí òun gbé wá láti Kútọnu nìyí.

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin," ni Miriam wí. "Ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti gé igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ìrẹ̀ ti kó lọ. Wọn ò kó lọ. Àná ni mo fi ìgbálẹ̀ lé ọ̀kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, tó ń han yín létí."

Jeremiah kò dìde lórí eékún. Sùlàímọ́nù, ẹni tí inú rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí kì í ronú kó tó sọ̀rọ̀, fẹ́ tù ú nínú.

"Má dá wọn lóhùn. Bí etí rẹ bá ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́rin, báwo ni kásẹ́ẹ̀tì rẹ ṣe ń dùn? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó ń dùn. Èyí tí mo gbà lóṣù tó kọjá ló tilẹ̀ dùn jù."

Ìbéèrè náà dúró láàárín ilé. Mo rí i tí Miriam wo ilẹ̀, tí ó ń fi ìka ká etí aṣọ rẹ̀. Jeremiah náà rí i.

"Miriam."

Kì í pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀ níwájú èèyàn.

"Èmi ni mo ń yí i padà," ó wí.

"Yí kí ni padà?"

"Tírébù. Ẹ máa ń yí i dé ìpẹ̀kun. Nígbà àkọ́kọ́, àwọn oníbàárà dá kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta padà wá pé ó ń gún àwọn létí, mo ní ẹ̀rọ wọn ló ti gbó. Mo wá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Nítorí náà bí ẹ bá ti ṣètò rẹ̀ tán, tí ẹ lọ jẹun tàbí tí ẹ lọ kí èèyàn, mo máa ń dá bọ́tìnì padà, màá sì tún un dà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀, màá yí i padà sí ibi tí ẹ fi í sí."

Ọdún mẹ́rin. Mo ronú kan gbogbo ìgbà tí mo ti dé ilé wọn, tí Miriam ní kí n ránṣẹ́ pe ọkọ òun wá jẹun ní yàrá ẹ̀yìn, kí n sì jókòó tì í. Mo ti máa ń rò pé ó fẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ bá àbúrò mi sọ ni. Gbogbo ohun tí Badagry ń yìn, láti Aradagun dé Gbaji, obìnrin tó dákẹ́ yìí ló ń ṣe é, pẹ̀lú ìka méjì, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀bà.

Jeremiah dìde. Ó gbọn eruku kúrò ní eékún. Ó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó jáde sí ojú ọ̀nà, aago mẹ́wàá kò sì tíì lù. Èmi àti Sùlàímọ́nù la sá tẹ̀ lé e, a fà á wọlé kí àwọn ṣọ́jà tó yọ. Kò bá wa jà. Ó kàn wúwo lọ́wọ́ wa bíi àpò àgbọn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ ló ń gba kásẹ́ẹ̀tì, òun ló ń kọ orúkọ sí wọn. Mo bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Nọ̀ví mi, ọmọ ìyá mi, ohun tí ó ṣe, ìfẹ́ ló fi ṣe é." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ sílé yín." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sọ bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Mo lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, Tíṣà Oyèlékè wá láti Gbaji. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí ìyá wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì mú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan wá, tí ìyá náà ti ń kọ orin ìsìn pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Wọ́n fẹ́ kí Jeremiah dà á sí òmíràn tó mọ́, kí wọ́n lè lù ú nígbà ìsìn. Jeremiah ṣe é fúnra rẹ̀. Ó lo ọjọ́ méjì lórí rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí kásẹ́ẹ̀tì tí òun fara balẹ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀ láyé òun, nítorí òun fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ní ọjọ́ Ajé, Tíṣà Oyèlékè padà wá. Wọn kò bínú, ìyẹn ló tilẹ̀ burú jù. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì, tàtijọ́ àti tuntun, sórí tábìlì.

"Jeremiah, kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, sà."

"Nígbà tí wọ́n tàn án ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé di etí. Àlùfáà ní kí wọ́n pa á. Ìyá mi tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi, ó ń han bí ẹni tí wọ́n ń fi irin gbígbóná jó. Mi ò mọ ohùn ìyá mi mọ́."

Tíṣà Oyèlékè dìde. Bí wọ́n ti fẹ́ jáde, àbúrò mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dúró." Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Miriam ń fọ aṣọ. Miriam sọ fún mi pé Jeremiah dúró níwájú òun, ó sì ní, "Nu ọwọ́ rẹ. Ìyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí mo ti ba ohùn rẹ̀ jẹ́."

Miriam wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fi kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà sí ẹ̀rọ, ó gbé íafóònù bo etí, ó sì fi ọwọ́ tó ṣì ń ta òórùn ọṣẹ yí bọ́tìnì. Tíṣà Oyèlékè jókòó tì wọ́n títí ó fi parí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn ìyá wọn, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọn kò sì tètè wọ̀ ọ́ padà.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni èmi àti Jeremiah lọ sí ilé ìwòsàn kan l'Ékòó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn etí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́, owó ohun èlò rẹ̀ kò sì sí. Dókítà obìnrin kan tó kéré lọ́jọ́ orí ló fi irin ẹlẹ́ka méjì kan tó ń dún lu eékún ara rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí Jeremiah, ó mú èyí tó kéré sí i, ó tún gbé e sí i.

"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Ọkọ̀ ojú omi."

"Alẹ́ńjìnnì?"

"Alẹ́ńjìnnì ni. Ọdún mọ́kànlá."

Dókítà mi orí. Ó ní ohùn tínrín ló kọ́kọ́ máa ń lọ, ohùn ẹyẹ, ti ìrẹ̀, ti fèrè, àti ẹnu ọ̀rọ̀ gan-an, tí ọ̀rọ̀ á fi dà bí ẹni pé àwọn èèyàn ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n. Íafóònù tó sì ń lò ní ṣọ́ọ̀bù ti fi kún un. Kò ní oògùn. Ohun tó kù ni kó má jẹ́ kí èyí tó ṣẹ́kù lọ.

Jeremiah jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Mo rò pé ìbẹ̀rù ìjọba ni."

"Kí lẹ wí, bàbá?"

"Ó ti pẹ́ tí gbogbo èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lójú mi. Ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ilé mi. Mo rò pé nítorí àwọn ṣọ́jà ni, pé gbogbo yín ti ń bẹ̀rù kí ẹnì kan má gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ."

Mo ti ń ronú iye ọdún tó ti fi ń gbé nínú ìlú tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ó ń káàánú wa, nígbà tí àwa ń pariwo ọ̀rọ̀ wa bí a ti ń ṣe látọjọ́.

Nígbà tí a padà dé, ó ṣe ohun tí n kò rò pé ó lè ṣe. Bí oníbàárà bá wọlé, ó máa ń sọ fún un pé, "Ìyàwó mi ló ń gbọ́ orin níhìn-ín, èmi ló ń tún ẹ̀rọ ṣe." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan kò padà wá mọ́, wọ́n ní àwọn kò lè gbé kásẹ́ẹ̀tì fún obìnrin. Àwọn tó pọ̀ jù kò rí ìyàtọ̀ kankan, nítorí kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀. Ó gbé íafóònù fún Miriam, kò sì fi bo etí mọ́ títí di òní. Báàsì ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀ nínú etí rẹ̀, nítorí náà bọ́tìnì báàsì jẹ́ tirẹ̀, Miriam kì í fọwọ́ kàn án.

Kí Gbádéyan tó padà sí Kútọnu lẹ́yìn ìsinmi rẹ̀ kejì, ó gbé síídì náà wá kí wọ́n lè lò ó fún ọjọ́ díẹ̀. Mo wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Jeremiah ní kí Miriam jókòó, kó sì sọ gbogbo ohun tó ń gbọ́ nínú rẹ̀ fún òun, kó má fo ohunkóhun. Miriam bẹ̀rẹ̀. Ó ní gìtá méjì ló wà, ọ̀kan wà lápá òsì. Ó ní ẹnì kan nínú àwọn agberin ń yára ju àwọn yòókù lọ díẹ̀. Ó ní ó ti rẹ ẹni tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

"Èwo ló dára jù?" ni Jeremiah bi í. "Sọ òótọ́. Èyí tàbí kásẹ́ẹ̀tì wa?"

Miriam ronú.

"Èyí mọ́ jù. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí àwọn olórin náà kò fẹ́ kí n gbọ́. Mo gbọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn gbé itọ́ mì."

"Ìyẹn kò ha dára?"

"Mi ò mọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń yọjú wo yàrá ẹlòmíràn."

Jeremiah ní òun kò gbà. Ó ní bí etí bá lè gbọ́ nǹkan, kó gbọ́ ọ, kí itọ́ náà wà níbẹ̀. Miriam ní ìyẹn dùn ún sọ fún ẹni tí kò ní gbọ́ ọ. Mo wo ojú àbúrò mi, mo rò pé ìjà ti dé. Ó wò ó títí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti Sátidé ìgbálẹ̀ yẹn. Miriam bá a rẹ́rìn-ín. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń jiyàn, mo gbé agbọ̀n mi, mo gba ọ̀nà Ajara lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.